Ìmọ́lẹ̀ Tí Òkúta Gbé Mì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Èsìẹ́, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, kò ní gbàgbé bí ara rẹ̀ ti bù máṣọ nígbà tí ó kọ́kọ́ bá àwọn ère òkúta ibẹ̀ ṣe ojú ko ojú: tọkùnrin tobìnrin, wọ́n jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́, àwọn mìíràn di irun gọ̀gọ̀rọ̀ sórí, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, gbogbo wọn sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí ń retí ìgbà tí kábíyèsí yóò jáde. Àwọn àgbà ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá kí Ẹlẹ́sìẹ́, ọba ìlú, ni kí ọ̀rọ̀ tó di iṣu ata yán-an-yàn-an tí wọ́n fi di òkúta. Àwọn òyìnbó tí ó dé lẹ́yìn, láti orí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS tí ó ròyìn wọn fún ayé ní 1933, sọ tiwọn. Èmi kò ní í bá ẹnì kan jiyàn lórí èyí. Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ti ẹnu ọmọ kékeré kan jáde.

Ọmọ àbúrò mi ni. Mo mú un lọ sí Èsìẹ́ nígbà tí ó wà ní ìwé kẹrin, mo sì fi ẹnu àgbà ṣàlàyé fún un pé òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère náà, òkúta tí èékánná lè họ, nítorí pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni táàkì, èyí tí wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe páúdà tí a ń fún ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ọmọ náà wo ère, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, bí páúdà bá funfun, èé ṣe tí eléyìí fi rí bí eérú tí òjò pa?" Ẹnu mi wọ ilé. Mo ní kí ó jẹ́ kí a lọ jẹun. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, mo sì ń gbé ilé mi ní Òmù-Àrán, ọmọ náà ti di ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ́ ìmọ̀ físíìsì dé òkè, ìbéèrè ọjọ́ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Òun ni ó sọ di iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé mi, níbi tí ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú nǹkan líle nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Èmi tí mo sá fún ìbéèrè rẹ̀ nígbà náà ni mo wá di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á.

Ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú nǹkan bí omi ti ń wọ inú kànrìnkàn, díẹ̀díẹ̀, bí àyè bá ti gbà á. Ẹyọ ẹyọ ni ó ń dé bí owó ẹyọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní iye tí ó gbé lọ́wọ́ tí kò ṣeé ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ a máa fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń kọ ní eV ṣírò iye yìí: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ pupa gbé nǹkan bí 1.8, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró gbé nǹkan bí 2.7, ti èsè àlùkò tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí mọ́ sì gbé nǹkan bí 3.1. Nínú òkúta, nínú irin, nínú iyọ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń yí àárín átọ́ọ̀mù ká, ń gbé bí ará ilé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò ní àkàsọ̀: ìsàlẹ̀ kún fọ́fọ́, òkè ṣófo, àlàfo tí ó sì wà láàárín méjèèjì kò ní ibi àtẹ̀dúró kankan. Ẹni tí yóò bá gòkè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fò ó, owó tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan bá gbé wá ni yóò sì fi san án. Bí owó náà kò bá tó, kò sí ẹ̀dínwó, kò sí àwìn. Ìmọ́lẹ̀ yóò kọjá lọ ní tirẹ̀, tàbí kí ó padà síbi tí ó ti wá, ará ìsàlẹ̀ yóò sì wà níbi tí ó wà. Bí ó bá tó, nǹkan náà gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sì ti bọ́ sí òkè. Ìgbà tí gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ ni à ń pè ní ipò ìsinmi. Ìgbà tí ẹnì kan bá ti gòkè, ipò ìdìde nìyẹn, ipò ìdìde yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Gbogbo àwọ̀ tí a ń rí láyé, àṣẹ́kù oúnjẹ ni. Epo pupa tí àwọn ìyá wa ń tà nínú ìgò lọ́jà ń jẹ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, èyí tí kò jẹ ni ojú wa ń gbà. Ẹ̀lú tí a fi ń re aṣọ ń jẹ èyí tí ó sún mọ́ pupa, nítorí náà ni ó ṣe dá aró padà fún wa. Àlàfo táàkì fẹ̀ ju owó ọwọ́ èsè àlùkò lọ, kò sí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí tí ó lè san owó ìgòkè níbẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń lé jáde, ni páúdà fi funfun. Bí táàkì bá wà láàárín òkúta mìíràn nínú ilẹ̀, tí irin sì wọ inú rẹ̀ díẹ̀, irin náà á wá gbé àkàsọ̀ tirẹ̀ sí àárín àlàfo, ìmọ́lẹ̀ tí kò rí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ á sì rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ mi nìyẹn ní kúkúrú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ èyí tí ó kúrú. Ó fẹ́ mọ iye owó ìgòkè, kí ó mọ̀ ọ́n láìgbé òkúta kan wọ inú ilé àyẹ̀wò, kí ó kàn jẹ́ pé bí a bá ti sọ fún un irú átọ́ọ̀mù tí ó wà nínú nǹkan àti bí wọ́n ṣe tò síra wọn, yóò fi ìṣirò lásán sọ àwọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1964 ni Pierre Hohenberg àti Walter Kohn, àti ní 1965 ni Kohn àti Lu Sham, fi hàn pé kò pọn dandan kí a máa tẹ̀lé ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò sí ẹ̀dá tí ó lè ṣe é tán; bí a bá ti mọ bí ògìdìgbó wọn ti nípọn tó níbi kọ̀ọ̀kan, a ti mọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ìsinmi wọn. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi fún Kohn ní ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Ó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè fi kọ̀ǹpútà kékeré sọ bí òkúta ti le tó, bí átọ́ọ̀mù ti jìnnà síra tó, ibi tí iyọ̀ ti ń fọ́. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ẹni tí a gbé ìkànìyàn fún, tí ó sì ka gbogbo ẹni tí ó sùn nínú agboolé lóru láìṣì, kò lè fi ìwé náà sọ iye tí ẹnì kan yóò ná bí ó bá fẹ́ kúrò nílé. Àwọn ènìyàn lò ó bẹ́ẹ̀ náà, ojú sì tì wọ́n. Sílíkọ́ọ̀nù, èyí tí a fi ń ṣe páànẹ́lì sólà tí ó wà lórí òrùlé wa, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.17 nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n nínú òtútù gidigidi. Ìṣirò ìsinmi sọ pé 0.5 ni. Kò sí oníṣòwò tí yóò gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọọṣẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó tún un ṣe wá láti ọ̀dọ̀ Lars Hedin, ará ilẹ̀ Swídìn, ní 1965 kan náà; ìyẹn ni pé oògùn àti àrùn jọ ṣe ọdún kan náà ni, ogún ọdún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí wọ́n tó bára wọn pàdé nínú nǹkan gidi. Lẹ́tà méjì tí ó fi kọ ìṣirò rẹ̀, G àti W, ni gbogbo ayé fi ń pè é títí di òní. Bí mo bá fẹ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí a jọ jẹ́ ará Òmù-Àrán, n ó ní kí ó rántí ọjọ́ tí Ọlọ́mù bá jáde síta lọ́jọ́ ọdún. Kò sí ẹni tí ó lè wo ẹsẹ̀ kábíyèsí nìkan kí ó sì sọ ìgbà tí yóò dé ọjà, nítorí pé ọba kì í dá rìn: onílù wà níwájú, àwọn ìjòyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò ń ya sẹ́yìn fún un, wọ́n sì tún ń dì padà mọ́ ọn lẹ́yìn, bí òun bá dúró, gbogbo wọn a dúró, bí wọ́n bá pọ̀ jù, ìrìn rẹ̀ a wúwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá fẹ́ gòkè: ìkórìíra wà láàárín òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sá fún un, sísá wọn sì bo ipá rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, tí ẹni tí ó jìnnà kò fi ní í mọ̀ ọ́n lára tó ẹni tí ó sún mọ́ ọn. G ni ìrìn ọba. W ni ipá rẹ̀ lẹ́yìn tí èrò ti bò ó. Mark Hybertsen àti Steven Louie ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò yìí fún sílíkọ́ọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1986, ohun tí ó sì jáde kò jìnnà sí ohun tí ilé àyẹ̀wò sọ.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó gòkè fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀, ihò náà sì ń fà á. Bí ẹni tí ó dìde lórí ẹní láàárín ìdílé ni, àyè rẹ̀ kò parẹ́ lójú àwọn ará ilé, bí ó tilẹ̀ wà lókè, ọkàn rẹ̀ ń bẹ níbi tí ó ti kúrò; bí ìfà yìí bá lágbára, àwọn méjèèjì, ẹni tí ó lọ àti àyè tí ó fi sílẹ̀, a so mọ́ra wọn, wọ́n a sì máa rìn káàkiri òkúta bí ọkọ àti aya. Ẹ́kísítọ́ọ̀nù ni orúkọ wọn. Nítorí pé wọ́n ti so mọ́ra, owó tí ìmọ́lẹ̀ yóò san láti bí wọn kéré sí owó ìgòkè gan-an. Ẹ wo irú iyọ̀ kan tí wọ́n fi lítíọ́ọ̀mù àti fúlóríìnì ṣe: àlàfo rẹ̀ ju 14 lọ, síbẹ̀ ibi tí ó ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù lọ wà ní 12.6. Ẹni tí ó bá ṣírò G àti W láìṣírò ìfà náà yóò wá ìmọ́lẹ̀ tì níbi tí ó wà. Ìṣirò tí ó so àwọn méjì náà pọ̀ ni Edwin Salpeter àti Hans Bethe gbé kalẹ̀ ní 1951, wọn kò sì fi òkúta ṣe nǹkan kan rárá, nǹkan wẹ́wẹ́ inú átọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lé. Àwọn mìíràn ni ó wá ju òkò wọn sí oko tiwa, ó sì di 1998 kí ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sí èyí tí ó bẹ èkejì lọ́wẹ̀, tó fi ṣírò àwọ̀ àwọn nǹkan líle láti ìpìlẹ̀ wọn.

Mo ti pẹ́ lórí ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark ti dé Òmù-Àrán ní 2011, ọmọ tí ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kọ́ èjìká kì í ṣe ohun ìyanu lójú ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìgboro wa, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi fi tirẹ̀ ṣe kò ní àwòrán, kò ní orin. Ojú dúdú ni, tí lẹ́tà funfun ń sáré lórí rẹ̀. Ètò méjì ni ó ń lò. Èyí àkọ́kọ́ ni Quantum ESPRESSO, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ítálì àti ẹgbẹ́ wọn kọ, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ti kọfí wọn mu. Èkejì ni Yambo, tí Andrea Marini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ní 2009, tí ó sì jẹ́ pé ipò ìdìde nìkan ni wọ́n dá a fún. Ẹ̀kẹta wà tí kò lò, BerkeleyGW, ti àwọn ará ilé Louie. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ènìyàn lè wò ó láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ó tún un ṣe bí ó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìran Ìgbómìnà mọ irú ẹ̀bùn yìí. Àwọn baba wa ní Odùduwà fún Ọ̀ràngún ní ogbó kan tí ó mọ̀nà fúnra rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ wa sì ti jáde. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ rí pé ogbó náà rìn láìsí ọwọ́ tí ó mú èèkù rẹ̀.

Ọmọ mi kọ́kọ́ kọ ìwé pélébé kan tí kò tó ogójì ìlà, ó sọ níbẹ̀ pé sílíkọ́ọ̀nù ni òun fẹ́, pé átọ́ọ̀mù méjì ni ó wà nínú ẹyọ tí ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra. ESPRESSO ṣírò ìsinmi fún un. Ìyẹn kò pẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì mu ẹ̀kọ tán. Lẹ́yìn náà ó tún ní kí ó ṣí àwọn yàrá òkè tí ó ṣófo sílẹ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, kí a lè mọ gbogbo ibi tí ẹni tí ó bá gòkè lè wọ̀ sí. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní p2y kó gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò kan fún Yambo, Yambo wò ó, ó ka ohun tí ó bá níbẹ̀, ó sì dúró. Ó ń retí kí a sọ fún un bí yóò ti ṣe wò ó dáadáa tó: yàrá òkè mélòó ni kí ó kà, èrò mélòó ni kí ó fi bo ọba, ojú mélòó ni kí ó fi wo òkúta láti ìhà gbogbo. Ibí yìí ni ó kù sí ọwọ́ ènìyàn, ibí yìí náà sì ni a ti ń mọ oníṣẹ́ yàtọ̀ sí atọ́jú-ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò mọ bí kànga ti jìn tó, ṣe ni yóò máa so okùn mọ́ okùn, tí yóò máa sọ korobá sílẹ̀ títí yóò fi kan omi. Bí ó bá sì ti kan omi, okùn tí ó bá tún fi kún un kò sọ omi di èyí tí ó jìn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ mi fi yàrá ogójì ṣírò, ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan tí ó ń gbé kiri. Ó fi ọgọ́ta ṣe é, ó kọ ọ́. Ó fi ọgọ́rin, ó fi ọgọ́rùn-ún, títí tí iye tí ó ń jáde kò fi yí padà mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú fi èyí tí ó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò lè gbé e." Ohun tí ó tún burú ni pé okùn náà ju ẹyọ kan lọ, èyí tí ó kúrú sì lè tan ènìyàn pé èkejì ti gùn tó. Irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an lórí síńkì ọ́sáìdì, funfun tí ó wà nínú kálámáìnì tí a ń fi pa ara ọmọ tí ooru bù: àlàfo rẹ̀ jẹ́ 3.4, wọ́n ń ṣírò, wọ́n ń rí ohun tí ó kéré sí i dáadáa, títí tí àwọn ẹgbẹ́ Louie fi sọ ní 2010 pé okùn ẹgbẹ́ yín ni ó kúrú, tí wọ́n ṣí ẹgbẹ̀ẹ́dógún yàrá tí iye náà sì gòkè wá bá 3.4. Ní ọdún kejì àwọn mìíràn dáhùn pé okùn nìkan kọ́, ọ̀nà àbùjá tí ẹ gbà lórí W náà pín nínú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ jù ni ó ń bára wọn jiyàn báyìí o, kì í ṣe àwọn tí kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle yẹn ju kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. (Funfun inú kálámáìnì náà, ẹ jẹ́ kí n má gbàgbé, irin díẹ̀ ni wọ́n dà sí i tí ó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irin kan náà ni.)

Ìnáwó ńlá wà níbi tí a bá fẹ́ so ẹni tí ó gòkè mọ́ ihò rẹ̀. Ọmọ mi ṣí ìwé, ó ṣe é fún mi kí n fi ojú mi rí i. Bí a bá fi ojú 8 wo òkúta ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú 512 ni. Bí a bá mú yàrá ìsàlẹ̀ 4 àti yàrá òkè 4, ọ̀nà 16 ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gbà fò ní ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,192. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, nítorí náà tábìlì tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ́ ní ojú 67,108,864, ó sì gba gígábáìtì kan gẹ́lẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìyẹn ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá rò pé ojú 8 kò tó, tí ó sọ ọ́ di 16 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, gígábáìtì kan náà á di 64, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ní 8. Mo rí i bí ó ti jókòó tí ó ń wo nọ́ńbà 64 náà bí ẹni tí wọ́n ka iye ìdána fún.

Iná ọba kò sì dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù tí ó kọjá, ìṣirò kan ti ń lọ láti ìrọ̀lẹ́, ó ti dé ibi tí ojú dúdú náà fi ń sọ pé ó ku díẹ̀; iná lọ, bátìrì sì ti gbó, gbogbo rẹ̀ pa. N kò gbọ́ kí ó bú ẹnikẹ́ni. Ó jáde sí àgbàlá, ó fi ọwọ́ fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó padà wọlé, ó sì fi hàn mí pé Yambo ti kọ àwọn apá tí ó ti ṣe tán sínú fáìlì, pé ibi tí ó ti dúró ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni tí ó kọ ètò yìí mọ ilẹ̀ wa. Ó ní rárá, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilẹ̀ òkèèrè náà ní àkókò tí wọ́n pín fún ènìyàn, tí ó bá ti tó, wọ́n á pa á lójú rẹ̀. Ó jọ mí lójú láti gbọ́ pé ibi gbogbo ni a ti ń pa iná fún oníṣẹ́.

Ibi tí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń kọ́ ọ wà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó gbé e wá fún wọn. Abdus Salam, ọmọ ilẹ̀ Pakistan, dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Trieste ní ilẹ̀ Ítálì ní 1964, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti mọ bí ó ti ń rí kí onímọ̀ dá nìkan wà níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti jókòó kọ́ ènìyàn ní Yambo fún ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kìíní ọdún 2020. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn náà ń náni, nítorí náà wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ kan wá sí ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ASESMA: Cape Town ní 2010, Eldoret ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 2012, Johannesburg ní 2015, Accra nítòsí wa níbí ní 2016, Addis Ababa ní 2018. Ọmọ Yorùbá, Omololu Akin-Ojo, ni ó sì jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka tí ilé Salam ṣí sí Kigali ní ilẹ̀ Rùwáńdà ní 2018. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbí nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Wọ́n a máa bi mí pé kí ni èrè rẹ̀. Páànẹ́lì sólà ni mo kọ́kọ́ ń tọ́ka sí, nítorí pé ohun tí ojú ń rí ni: nǹkan tí a bá fẹ́ fi gba òòrùn, bí àlàfo rẹ̀ bá kéré jù, yóò fi iná ṣòfò, bí ó bá fẹ̀ jù, òòrùn kò ní lè san owó rẹ̀, William Shockley àti Hans Queisser sì ti ṣírò ní 1961 pé kò sí páànẹ́lì ẹlẹ́yọ kan tí yóò rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbà nínú ohun tí òòrùn gbé wá láé. Ẹni tí ó bá mọ àlàfo ohun tuntun kí wọ́n tó dáná sí i nílé àyẹ̀wò ti dín owó òfò kù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù kò kan iná. Amọ̀ tí a sun nínú iná, bí ó bá wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ìtànṣán tí ń ti inú erùpẹ̀ jáde á máa gbé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan a há sí àárín àlàfo, wọn kò ní lè sọ̀kalẹ̀. Bí a bá tún mú un gbóná, wọ́n á já bọ́, wọ́n á sì dá ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gbé mì padà, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà ni a fi ń mọ iye ọdún. Báyìí ni Frank Willett àti Stuart Fleming ṣe mọ ọjọ́ orí àwọn ère idẹ Ifẹ̀ ní 1976, láti inú amọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi sí inú wọn. Òkúta Èsìẹ́ ní tirẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ ni, wọn kò sun ún nínú iná bí amọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gbé mì láti ìgbà tí ayé ti wà kò bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọjọ́ kankan tí ènìyàn lè mọ̀.

Ìbéèrè ìwé kẹrin ńkọ́? Mo bi í léèrè lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀ ti parí, iye tí ó rí bá ti ìwé mu, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, ó fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní átọ́ọ̀mù méjì ni ti sílíkọ́ọ̀nù. Ti táàkì, ní kíkéré jù, 21 ni. Bí átọ́ọ̀mù bá di ìlọ́po méjì, ìṣirò ìsinmi á di ìlọ́po 8, ti G àti W á di ìlọ́po 16, ti ọkọ àti aya yẹn lè di ìlọ́po 64. Kí a tó fi èyí kà á dé táàkì, G àti W nìkan á ti ju ìlọ́po ẹgbàárùn-ún lọ. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá, ó ń retí èsì wọn. Mo ní nígbà náà, ọjọ́ wo ni yóò sọ fún mi ìdí tí ère fi dúdú bí eérú. Ó ti jókòó padà, ó ń yí 40 sí 60 nínú ìwé pélébé mìíràn. "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá," ni ó wí láìgbé ojú sókè. "Táàkì funfun ni mo tíì lè fi bẹ̀rẹ̀. Irin inú rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."